Iye Ọjọ́ Ayé Fẹ̀hìntọlá

"Ẹ gbé ọwọ́ yín lé aṣọ náà," ni Ìbíyẹmí wí.

Ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ wo apá ọ̀tún ara rẹ̀, èyí tó parí sí ọrùn ọwọ́. Nígbà tó yá ló gbé òsì lé e. Ojú ti Ìbíyẹmí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn tó ń wá sí Ilé-Ẹjọ́ Òfò ní Ayédùn-Òkè. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu débi pé kì í wo ẹni tó ń sọ ọ́ fún mọ́.

Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì náà tàn yòò. Ìlà kan yọ lójú rẹ̀, ó tínrín bí òwú, ó ní àwọ̀ ewé. Ìlà-ayé ọkùnrin náà ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i títí di òní: ilé-ìwé tó lọ, àìsàn tó ṣe é, gbogbo owó oṣù tó ti gbà. Níbi ọjọ́ tí ẹ̀rọ akẹ́rù tó ń darí ara rẹ̀ ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ òkúta ní odi òkun, ìlà náà yà sí méjì. Ọ̀kan ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Èkejì já wálẹ̀. Àlàfo tó wà láàrin méjèèjì ni wọ́n ń pè ní òfò. Iṣẹ́ Ìbíyẹmí ni láti sọ àlàfo náà di owó.

Adíyelé, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ mọ́ inú ògiri, là á lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í ga, tí kì í lọ sílẹ̀. "Akínfọ́lárìn Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́: agbẹ́rù ní odi òkun. Ìwé: kíláàsì kẹta. Ọdún iṣẹ́ tó kù: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Iye ọwọ́ ọ̀tún: mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà."

Akínfọ́lárìn ní kò yé òun. Ẹnìkan wà tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì pàápàá ni tiẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fún un ní ọdún tó kọjá. Ìbíyẹmí ṣàlàyé fún un pé ẹni yẹn kàwé, ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀rọ, ìlà-ayé rẹ̀ ń gòkè lọ kí ọwọ́ tó gé.

"Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín ń lọ gbọọrọ."

Ọkùnrin náà mi orí. Kò jiyàn. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó sì jáde lọ síbi tí àwọn tó ń dúró ń jókòó sí. Bó ṣe dúpẹ́ yẹn ló bá Ìbíyẹmí nínú jẹ́ díẹ̀, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun yóò fi ìdámẹ́wàá kún un. Òfin fún aṣírò-òfò láyè láti fi ìdámẹ́wàá kún iye tí ẹ̀rọ bá pè, tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò, nítorí àwọn tó kọ òfin náà kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ ènìyàn máa parí sí. Ìdámẹ́wàá mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfìfo lọ.

Ó fẹ́ ká aṣọ náà kúrò nílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ọ̀hún. Kò fi ìgbà kankan lọ gbọọrọ níbẹ̀. Láti ọdún márùn-ún sí ọdún mẹ́jọ ni ó ń gòkè, ó ń gòkè gan-an. Olùkọ́ kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí mọ ìṣirò ju àwọn tó fi ọdún méjì jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, lójijì, ilé-ìwé parí, ìlà náà ṣubú, kò sì tún gbérí mọ́ láéláé. Ìbíyẹmí fi ìka kan ibi tó ti ṣubú.

Adíyelé ṣí ìwé mìíràn fún un, ìwé ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Jẹ́gẹ́dẹ́ Fẹ̀hìntọlá, obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìyá ọmọ kan. Ó kú nígbà tí odi òkun ya ní Ìdí-Àgbọn. Iṣẹ́: kò sí. Iye: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà, owó ìsìnkú. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni aṣírò-òfò ti kọ ọ́ pé: *Mo dé ilé olóògbé. Mo bi ará àdúgbò méjì léèrè. Wọn kò mọ iṣẹ́ kankan tó ń ṣe.*

Orúkọ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni Ìbíyẹmí Adésọjí.

Ó padà jókòó. Kò ní láti ronú jìnnà kó tó rántí. Lọ́dún tí odi ya yẹn, ìwé òkú ń wọlé bí òjò. Ó jẹ́ obìnrin ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà náà, ìwé ogójì ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Òfin wí, títí dòní ló sì ń wí i, pé iṣẹ́ tí kò ní ìwé owó oṣù di iṣẹ́ bí ará àdúgbò méjì bá jẹ́rìí sí i, àti pé aṣírò-òfò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé olóògbé. Ó lọ sí gbogbo ilé. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó rin ẹrẹ̀, ó bi àwọn tó ń sunkún léèrè iye ẹja tí ọkọ wọn ń pa. Ìdí-Àgbọn nìkan ló ṣẹ́kù, omi sì ti gé ọ̀nà rẹ̀. Àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni àlọ àti àbọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó wo ìwé obìnrin náà, kò rí owó oṣù, kò rí ṣọ́ọ̀bù, kò rí ẹgbẹ́ tó ń dá owó sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá tiẹ̀ lọ, kí ni òun máa bá níbẹ̀? Ó jókòó sórí àga ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ pé òun lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó búra fún ara rẹ̀ nígbà náà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò jẹ́, ó sì mú ìbúra náà ṣẹ. Kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di òní. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ó ti gbàgbé rẹ̀.

Adéfúyè ni olórí àwọn aṣírò-òfò. Àwọn méjèèjì jọ gba òrùka àṣẹ lọ́jọ́ kan náà ni, òrùka irin tí aṣírò-òfò fi ń tẹ ìwé kí iye tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Ìbíyẹmí ro ẹjọ́ náà fún un tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ rán an létí ohun tí òun náà mọ̀. Ẹni tó bá purọ́ nínú ìwé kan, gbogbo ìwé tó fọwọ́ sí lọ́dún náà di ṣíṣí. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tiẹ̀ tó parí sí owó. Adíyelé òde òní kì í ṣe Adíyelé ìgbà yẹn. Bó bá tún wọn ṣírò, òmíràn máa lọ sókè, òmíràn á wálẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ bá sì wálẹ̀ gbọ́dọ̀ dá owó padà.

"Fi ìdámẹ́wàá rẹ kún ti ọmọ náà," ló sọ fún un, "kí o sì dákẹ́. Ẹni tó kú ti kú, Ìbí. Má lọ jí òkú kan kí o wá fi pa alààyè."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì dá a lójú pé òótọ́ ló ń sọ. Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo.

Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Ìbíyẹmí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ń gbé ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà fún Adíyelé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò yí padà. Tìyá Akínfọ́lárìn nìkan ló ń lọ sókè. Mẹ́rin wálẹ̀. Èyí tó burú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Arínọlá, tí ọkọ rẹ̀ kú sínú omi kan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n fún un ni yóò dá padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó kàn mọ̀ pé òun kò lè fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà láìrí ojú rẹ̀. Ìyá Arínọlá ti darúgbó. Owó yẹn ló fi ra ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kúrò lára omi òkun, omi dídùn tó sì ń tà fún gbogbo òpópónà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Kí Ìbíyẹmí tó sọ orúkọ ara rẹ̀ ló ti dá a mọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ gbàgbé rẹ̀, ẹni tó rìn wọ ilé wọn lọ́jọ́ náà tí ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, tó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn, tí kò kánjú. Ó pọn omi tútù fún un láti inú ẹ̀rọ náà. Ìbíyẹmí mu ún tán, ó sì dúpẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ àti nípa ojú ọjọ́. Nígbà tó dìde láti lọ, kò tíì sọ ohun tó bá wá.

Gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń ronú pé bí òun bá ti rìn dé Ìdí-Àgbọn bí òun ṣe rìn dé ilé yìí, kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí ìbá ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni. Ọjọ́ kan ni òun jí, ọmọ kan sì ti fi ogún ọdún ó lé mẹ́ta san án.

Nígbà tó délé, ó ṣe ìṣirò kan tí kò gbé fún ẹ̀rọ. Ó kọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sí apá kan, ó kọ ohun tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dá padà sí apá kejì. Owó ìfẹ̀yìntì náà kárí i, ó sì ṣẹ́ku díẹ̀. Ohun tó máa kù fún un láti fi ṣe arúgbó kò tó nǹkan. Ó pa ìwé náà dé.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, iyàrá náà kò kún. Adájọ́ Ògúnṣàkin wà lórí àga, agbẹjọ́rò àwọn tó ń kọ́ odi òkun jókòó sápá ọ̀tún, Akínfọ́lárìn sì jókòó sápá òsì nínú ẹ̀wù funfun tó ti ṣẹ́ apá ọ̀tún rẹ̀ pọ̀, tó fi píìnì kan mú un. Àṣà ni pé kí aṣírò-òfò dìde, kí ó sọ pé "Ọwọ́ mi ni," kó tó pe iye. Ìbíyẹmí dìde. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó sọ fún adájọ́ pé òun kò lè pe iye ọwọ́ ọkùnrin yìí, nítorí òun wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ẹni tí iye rẹ̀ kéré. Ó ka ìwé Fẹ̀hìntọlá síta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé orí gbólóhùn mẹ́ta tó kọ fúnra rẹ̀, ó dúró.

"Irọ́ ni," ló wí. "Mi ò lọ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́."

Agbẹjọ́rò dìde láti sọ̀rọ̀, adájọ́ sì fi ọwọ́ dá a dúró. Akínfọ́lárìn ni adájọ́ ń wò. Ọkùnrin náà ti tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ kò le, ó dà bí ẹni tó ń gbìyànjú láti gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ ò dé ilé wa rárá?" ló béèrè.

"Rárá."

"Wọ́n ní ẹ ń bọ̀. Wọ́n kọ ìwé sí wa pé ọjọ́ Tọ́sìdeé ni. Ìyá-ìyá mi gbálẹ̀ ojúde. Ó gbé àga síta, ẹyọ kan tá a ní, ó nù ún. Ó pe àwọn obìnrin tí màámi máa ń bá yan ẹja kí wọ́n wá bá yín sọ̀rọ̀. A jókòó dè yín títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ìwé dé pé ẹ ti wá, ìyá-ìyá mi ní ó ní láti jẹ́ pé inú ilé la wà nígbà tí ẹ kọjá. Ó ní àwa la ṣe é. Títí tó fi kú ló ń sọ pé àwa la ṣe é."

Ìbíyẹmí fẹ́ sọ pé kí ó máa bínú, tàbí kí ó má bínú, kò mọ èwo. Ẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kéré sí àga yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo wọn, obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún, bí ọkùnrin ṣe ń dọ̀bálẹ̀, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó o mọ́.

Adájọ́ ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe. Ó gba òrùka àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìwé Fẹ̀hìntọlá fún aṣírò-òfò mìíràn, ó gba ẹ̀jẹ́ tí Ìbíyẹmí jẹ́ láti fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ san ti àwọn mẹ́rin tí tiwọn wálẹ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ láé. Lórí ọwọ́ Akínfọ́lárìn, ó ní àánú ṣe òun, ṣùgbọ́n ìlà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ kò ṣeé tún fà. Òfin lè san iye ìyá tó kú. Kò lè sọ fún ẹ̀rọ pé kó ṣírò ọkùnrin tí ọmọ náà ìbá dà. Aṣírò-òfò tuntun, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bẹ̀rù àṣìṣe, kò fi ìdámẹ́wàá kún un. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ geere ni ó parí sí. Bí Ìbíyẹmí bá ti dákẹ́, ìdámẹ́wàá yẹn ìbá jẹ́ ti ọmọ náà.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ìbíyẹmí ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò fún ohun tí yóò jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, Akínfọ́lárìn ló sì dúró níta, ó fi ìgúnpá mú ìwé gígùn kan mọ́ ìhà.

Ó ní wọ́n ti san owó ìyá òun, mílíọ̀nù méje ó lé díẹ̀, kì í ṣe tìtorí owó lòun ṣe wá. Ó ní àwọn obìnrin méjì tó kù láyé nínú àwọn tó bá ìyá òun yan ẹja ló jẹ́rìí. Ilé-ẹjọ́ sì fún òun ní ìwé tí Adíyelé fi to gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Òun ti gbìyànjú láti kà á, ṣùgbọ́n kíláàsì kẹta lòun ti dúró, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì gùn. "Mi ò mọ ẹlòmíràn tí màá gbé e fún, Mà," ló wí. "Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé yìí ni mo fẹ́ kó kà á fún mi."

Ìbíyẹmí ní kí ó jókòó. Ó ṣì ń fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó o bí. Ó gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ketekete.

"Omi pípọn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọdún mẹ́wàá. Ẹja yíyan fún ilé mẹ́rin, wọ́n ń fi gààrí san án fún un. Ìtọ́jú ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, lójoojúmọ́. Aṣọ fífọ̀. Jíjí ọmọ fún ilé-ìwé, ìgbà ẹgbẹ̀rún kan ó dín ọgọ́rùn-ún."

Ọkùnrin náà ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ibi ẹja yíyan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kíkọ́ ọmọ ní ìwé nírọ̀lẹ́, wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, ọdún mẹ́ta."

"Rárá," ni Akínfọ́lárìn wí. "Màámi ò mọ̀wé."

Ìbíyẹmí gbé ojú sókè. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ẹlẹ́rìí kò bá ti rántí, Adíyelé máa ń fi ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ń ṣe dí àlàfo rẹ̀. Ó sì mọ òfin. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀ ní láti lọ sọ ọ́, wọ́n á sì yọ ọ́ lára owó. Ó wo ìka ara rẹ̀ tí kò sí òrùka níbẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin náà ń wo ìwé náà, bí ẹni tó ń wá ojú kan lára rẹ̀.

"Ó máa ń jókòó tì mí ni," ló wí. "Tí mo bá ń kà á sókè, á máa mi orí. Mo rò pé ó ń gbọ́ ọ nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀."

"Fún wákàtí mélòó?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Akínfọ́lárìn rò ó.

"Títí màá fi kà á tán."

Ìbíyẹmí fi ìka sábẹ́ ìlà náà. Kò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí èyí tó tẹ̀lé e, ó sì ń kà á lọ, ketekete, kí ọmọ Fẹ̀hìntọlá lè gbọ́.